Nígbà tí ihò USB bá ń ṣe ségesège lórí Hackintosh: bí a ṣe ń wá ìdí rẹ̀ àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ to kọ̀ǹpútà pọ̀, tó sì gbé macOS, ètò tí Apple ṣe fún Mac, sórí rẹ̀ (irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní Hackintosh), kì í pẹ́ kí ó tó bá wàhálà ihò USB pàdé. Fílásì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows yóò dákẹ́ lórí macOS. Ihò iwájú àpótí yóò gba kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kò ní rí háàdì díìsì. Bluetooth yóò pòórá bí ẹni pé a kò fi káàdì rẹ̀ sí i rárá. Kọ̀ǹpútà tí a fi sùn yóò sì jí padà kí a tó dìde lórí àga. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ihò ti bàjẹ́ tàbí pé wáyà kan ti já. Nínú gbogbo irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ tí mo ti bá tún ṣe, ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ihò náà wà níbẹ̀, iná sì wà nínú rẹ̀, àmọ́ macOS kò mọ̀ pé ó wà, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n sí irú ihò tí kì í ṣe. Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni pé kí a ṣe àlàyé ihò kọ̀ọ̀kan fún un, kí a má sì kà á kọjá iye tó lè gbà. Ìwé àdéhùn Apple kò fàyè gba macOS lórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí a ó pè kí ó wá bá wa ṣe é. Àwa fúnra wa ni mẹkáníìkì.

Ìdí tí ihò fi ń sọnù

Lára Mac tí Apple ṣe, wàhálà yìí kò sí, nítorí pé Apple mọ iye ihò tó wà lára irú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan tó ń tà, ó sì ti kọ wọ́n sínú macOS. Màdábọ́ọ̀dù tí a rà lọ́tọ̀ kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí BIOS rẹ̀ (ètò inú màdábọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà) ń sọ fún macOS ni orúkọ gbogbo ihò tí olùdarí USB inú rẹ̀ (controller) lè ní, títí kan èyí tí àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù náà kò so ohunkóhun mọ́. Lórí bọ́ọ̀dù Intel tó jẹ́ irú Z390, fún àpẹẹrẹ, orúkọ náà lè tó 26: HS01 títí dé HS14, USR1 àti USR2, àti SS01 títí dé SS10. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti ìgbà El Capitan, tó jáde ní ọdún 2015, macOS kì í gbà ju ihò 15 lọ lórí olùdarí kan ṣoṣo.

Bí a ṣe ń ka 15 yìí ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ihò aláwọ̀ búlúù kan tí ojú wa rí, méjì ni macOS kà á sí. Bí ẹ bá tan iná wo inú rẹ̀, ẹ ó rí ahọ́n irin mẹ́rin tó jẹ́ ti USB 2 àtijọ́, àti márùn-ún mìíràn tó jẹ́ ti USB 3. Ti àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ HS, tí ìyára rẹ̀ jẹ́ mégábíìtì 480 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló ń jẹ́ SS, tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gígábíìtì 5. Kọ̀ǹpútà tó ní ihò búlúù mẹ́jọ ti ná 16 kí a tó dárúkọ Bluetooth. Nítorí pé HS ló ṣáájú nínú ètò orúkọ, SS ni ó máa ń bọ́ sẹ́yìn nígbà tí 15 bá pé. Ìdí nìyẹn tí máọ̀sì fi ń ṣiṣẹ́ nínú ihò kan tí háàdì díìsì USB 3 kò ti ní jẹ́ ìpè, tí ẹni tó ni ín yóò sì máa búra pé díìsì òun ló kú.

Kí a tó fọwọ́ kan fáìlì kankan

Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn irin. Ẹ fi Windows tàbí Linux tan kọ̀ǹpútà náà, kódà kí ó jẹ́ Linux tí a ń lò láti orí fílásì, kí ẹ sì dán ihò tí ẹ ń fura sí wò níbẹ̀. Bí ó bá kọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti macOS: ẹ ṣí àpótí, kí ẹ wo wáyà tó ti ihò iwájú lọ sórí màdábọ́ọ̀dù. Èyí tó jẹ́ ti USB 3 ní abẹ́rẹ́ 19, ó nípọn, ó sì le. Bí a bá fi agbára tì í wọlé láìṣe déédéé, abẹ́rẹ́ kan á tẹ̀, ihò kan nínú méjì á sì kú nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó jẹ́ ti USB 2 ní abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án, ihò méjì ni òun náà ń bọ́. Bí gbogbo ihò bá ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, ẹ dé àpótí padà, ọ̀rọ̀ náà ti di ti macOS.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ rí i pé wọ́n tan ètò tó ń jẹ́ XHCI Hand-off. Ètò yìí ni ó ń jẹ́ kí BIOS yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí USB nígbà tí macOS bá fẹ́ gbà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà fódà EFI yín (ibi tí OpenCore, ètò tó ń tan macOS lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, wà) sórí fílásì tí a ti fọ́ọ̀mátì sí FAT32, kí ẹ sì gbìyànjú láti fi fílásì náà tan kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti jìyà rẹ̀ rí. Mo yí máàpù ihò padà ní òru ọjọ́ kan, mo fi ihò tí kíbọ́ọ̀dù àti máọ̀sì wà sílẹ̀ láìmọ̀, mo sì tún kọ̀ǹpútà tàn. macOS wọlé dáadáa, ó gbé ojú ìwé ọ̀rọ̀ aṣínà wá, èmi kò sì ní ohun tí mo lè fi tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ẹ̀dà EFI orí fílásì ló yọ mí.

Bí a ṣe ń ya máàpù ihò

Iṣẹ́ tó wà nídìí gbogbo àtúnṣe yìí nìyí, bébà àti bírò ni mo sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ ya ẹ̀yìn àpótí bí ó ṣe rí, ẹ ya iwájú rẹ̀, kí ẹ sì ya orí màdábọ́ọ̀dù níbi tí wáyà USB ti wọlé. Kí àyè ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ wá fílásì USB 2 kan àti fílásì USB 3 kan, kí méjèèjì sì jẹ́ èyí tí ẹ ti dán wò.

Ohun èlò tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí ni USBToolBox, èyí tí a ń lò láti inú Windows. Ìdí tí mo fi yàn án kò ju pé Windows kò ní òfin ihò 15, nítorí náà gbogbo ihò ni yóò hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní Windows lè lo Hackintool nínú macOS, ṣùgbọ́n òfin 15 yóò máa dí i lọ́wọ́. Nígbà kan rí, a máa ń tan ètò OpenCore tó ń jẹ́ XhciPortLimit láti fi fọ́ òfin náà fún ìgbà díẹ̀. Láti macOS 11.3, tó jáde ní ọdún 2021, ètò yẹn kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Ó tilẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà máa tún ara rẹ̀ tàn léraléra. Bí ẹ bá bá ìlànà àtijọ́ kan pàdé tó ní kí ẹ tan án, tàbí tó ní kí ẹ fi USBInjectAll (fáìlì àtijọ́ tó ń fi orúkọ ihò han macOS) síbẹ̀ títí ayé, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Ẹ ṣí ohun èlò náà síbi tí ó ti ń to orúkọ ihò sílẹ̀. Ẹ fi fílásì USB 2 sínú ihò àkọ́kọ́ lẹ́yìn àpótí, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan títí orúkọ fílásì náà yóò fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan lójú kọ̀ǹpútà, ká ní HS03. Ẹ kọ HS03 sórí bébà. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi fílásì USB 3 sínú ihò kan náà. Nísinsìnyí orúkọ mìíràn ni yóò yọ, ó lè jẹ́ SS03, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe máa fi òye gbé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Báyìí ni ẹ ó ṣe yí gbogbo àpótí náà ká. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń kánjú ni wọ́n sábà máa ń padà sí lọ́jọ́ kejì.

Ihò Type-C ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fílásì USB 3 sínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì tún fi í sí i. Bí orúkọ SS kan náà bá yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ihò náà ní ohun tó ń yí ojú ọ̀nà padà fún un nínú, nọ́ńbà irú rẹ̀ sì ni 9. Bí SS mìíràn bá yọ nígbà tí ẹ dojú rẹ̀ dé, 10 ni nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ mẹ́ta ni yóò sì ná yín: HS kan àti SS méjì. Type-C tí kò ní ju USB 2 lọ ni 8. Ihò USB 2 tí a mọ̀ látijọ́ ni 0, ti USB 3 aláwọ̀ búlúù sì ni 3. Ohunkóhun tó bá wà nínú àpótí tí ọwọ́ kì í dé, pàápàá Bluetooth, 255 ni.

Àṣìṣe kan wà tí mo ń rí lemọ́lemọ́ níbí. Àwọn ènìyàn á wo HS tó wà nínú ihò búlúù, wọ́n á ní USB 2 ni, wọ́n á sì fún un ní 0. Nọ́ńbà yìí ń tọ́ka sí ihò tí ojú rí, kì í ṣe sí ìyára. Bí HS àti SS bá jọ wà nínú ihò kan, 3 ni àwọn méjèèjì. Ìgbà tí ẹ bá yọ SS rẹ̀ kúrò pátápátá nìkan ni HS rẹ̀ lè di 0.

Yíyan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ká ní bébà yín sọ pé ihò búlúù mẹ́rin ló wà lẹ́yìn, èyí tó jẹ́ orúkọ mẹ́jọ, ihò dúdú USB 2 méjì, tó sọ ọ́ di mẹ́wàá, ihò búlúù méjì níwájú, tó sọ ọ́ di 14, Type-C kan tó jẹ́ irú 9, tó sọ ọ́ di 16, Bluetooth, 17, àti ẹ̀rọ omi tó ń tu CPU lára, tí òun náà gba USB nínú àpótí, 18. Mẹ́ta gbọ́dọ̀ lọ. Ẹ̀rọ omi ni kó kọ́kọ́ lọ, nítorí omi rẹ̀ yóò máa yí bí macOS kò tilẹ̀ rí i. Iná àwọ̀ mèremère rẹ̀ nìkan ni a kò ní lè yí padà. Méjì tó kù, SS ni mo máa ń yọ: ihò búlúù tí kíbọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ kò fi ìyára gígábíìtì 5 ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìtẹ̀wé. Ẹ mú SS àwọn méjèèjì kúrò, kí ẹ sọ HS wọn di 0, 15 sì pé pérépéré láìsí ihò kankan tó kú pátápátá. Mo fẹ́ ọ̀nà yìí ju pípa odindi ihò lọ, nítorí pé ọjọ́ tí àlejò bá fi fílásì rẹ̀ sí ihò tí a pa ni a ó tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Ẹni tí kò bá lè fi ohunkóhun sílẹ̀ lè fi káàdì USB kún un sínú ihò PCIe (ihò orí màdábọ́ọ̀dù tí a ń ki káàdì bọ̀). Olùdarí kọ̀ọ̀kan ló ní 15 tirẹ̀, nítorí náà ohun tó wà lórí káàdì kò ní dín ti màdábọ́ọ̀dù kù. Káàdì tó bá lo olùdarí FL1100 ti Fresco Logic ni kò ní wàhálà, macOS mọ̀ ọ́n láìsí àfikún. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù AMD, olùdarí ju ẹyọ kan lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òfin 15 kì í sì fi bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n máàpù ṣì pọn dandan, nítorí pé nọ́ńbà irú ihò ni macOS ń wò láti mọ èyí tó wà nínú àti èyí tó wà níta.

Fífi máàpù sípò

Nígbà tí ẹ bá ti yan tán, USBToolBox yóò ṣe fáìlì kan tó ń jẹ́ UTBMap.kext (kext ni àfikún tí macOS ń gbé wọlé nígbà tó bá ń tàn). Ẹ gbé e sínú EFI/OC/Kexts pẹ̀lú USBToolBox.kext tó máa ń bá a rìn, àyàfi bí ẹ bá ti yan nínú ètò rẹ̀ pé kí ó lo ti Apple fúnra rẹ̀. Ẹ dárúkọ wọn nínú config.plist, ìyẹn fáìlì ètò OpenCore, lábẹ́ Kernel, níbi Add. Kext tó wà nínú fódà tí a kò dárúkọ, OpenCore kò ní wò ó rárá. Níbẹ̀ náà, lábẹ́ Quirks, ẹ pa XhciPortLimit. Ẹ yọ USBInjectAll àti máàpù àtijọ́ yòówù tó bá ṣẹ́kù, nítorí pé máàpù méjì lórí olùdarí kan á máa ta ko ara wọn.

Bí ẹ bá tún un tàn, ẹ ṣí System Information, kí ẹ lọ sí USB. Ẹ fi fílásì USB 3 sínú ihò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ìlà ìyára rẹ̀. 5 Gb/s ni a fẹ́ rí. Bí ó bá jẹ́ 480 Mb/s ni ó wà níbẹ̀, SS ihò náà kò sí nínú máàpù, tàbí kí fílásì má wọlé dé ìdí. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún fi sí i pẹ̀lú agbára díẹ̀ kí ẹ tó dá máàpù lẹ́bi.

Bí ó bá dà bí ẹni pé macOS kò ka máàpù náà rárá, ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Máàpù tí a ṣe fún lílo ìlànà Apple máa ń gbé orúkọ Mac tí a fi SMBIOS (ètò tó ń sọ fún macOS irú Mac tí kọ̀ǹpútà náà jẹ́) ṣe àfarawé rẹ̀ sínú, bí iMac19,1. Bí ẹ bá yí SMBIOS padà lẹ́yìn náà láìyí ti inú máàpù, máàpù yẹn ti di òkú. Ìkejì ni pé bí olùdarí bọ́ọ̀dù yín bá ń jẹ́ XHC1, EHC1 tàbí EHC2, ó bá orúkọ tí Apple lò mu, macOS sì lè so máàpù Mac gidi mọ́ ọn. Ẹ yí orúkọ wọn padà ní ACPI (àkọsílẹ̀ tí BIOS fi ń ṣàlàyé irin kọ̀ǹpútà fún macOS): XHC1 á di SHCI, EHC1 á di EH01, EHC2 á di EH02.

Bí ó bá jẹ́ pé macOS kò tíì wọlé rárá

Ẹlòmíràn kò tíì dé ibi máàpù. Ó fi fílásì bẹ̀rẹ̀ ìfisípò macOS, ọ̀rọ̀ ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó dé "Still waiting for root device", ó sì dúró síbẹ̀. Tàbí kí àmì róbótó tí ìlà kọjá láàárín rẹ̀ yọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé BIOS ló ka fílásì náà títí dé ibẹ̀. Nígbà tí macOS gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ihò tí fílásì wà bọ́ sí ẹ̀yìn 15, fílásì tó ń ti inú rẹ̀ wọlé sì pòórá mọ́ ọn lójú. Ẹ yọ fílásì, kí ẹ fi sínú ihò USB 2, tàbí kí ẹ lo fílásì USB 2 nínú ihò mìíràn. Lórí bọ́ọ̀dù Asus kan tó jẹ́ ti Intel ìran kẹwàá, ihò lè má jáde rárá àyàfi kí a fi fáìlì tó ń jẹ́ SSDT-RHUB kún ACPI, nítorí pé àkọsílẹ̀ ihò inú BIOS wọn kò bá ti macOS mu.

Oorun, iná àti Bluetooth

Bí Wi-Fi bá ń ṣiṣẹ́ tí Bluetooth orí káàdì kan náà kò sí, ẹ rántí pé Wi-Fi ń gba PCIe, Bluetooth sì ń gba USB. Káàdì tí a fi sínú ihò PCIe máa ń ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yẹ kí ó lọ sórí abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án orí màdábọ́ọ̀dù; a máa ń gbàgbé rẹ̀. Bí wáyà bá wà níbẹ̀, ẹ rí i pé HS tirẹ̀ wà nínú 15, kí ó sì jẹ́ 255. Bí ẹ bá fún un ní 0 tàbí 3, macOS á rò pé ẹnì kan ki ohun kan bọ ihò níta, ìyẹn sì wà lára ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun.

Kọ̀ǹpútà tó bá ṣì ń jí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Terminal kí ẹ tẹ pmset -g log, kí ẹ sì wá ìlà tó sọ ìdí tó fi jí. Bí orúkọ XHC bá wà níbẹ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú ihò, kí ẹ dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń jí láìsí ohunkóhun nínú ihò, àtúnṣe ACPI tí a mọ̀ sí GPRW ni ó sábà máa ń yanjú rẹ̀.

Bí ó bá sùn dáadáa ṣùgbọ́n tí ìkìlọ̀ pé a kò yọ díìsì bó ti yẹ ń dúró dè yín nígbà tó bá jí, iná ti gé lórí díìsì náà nígbà oorun. Ẹ wò bóyá fáìlì ACPI tó ń jẹ́ SSDT-EC-USBX wà nínú EFI yín. Láti ìgbà Skylake (Intel ìran kẹfà), òun ni ó ń sọ fún macOS iye iná tó lè fún ihò, ohun tí a sì kọ sínú rẹ̀ fún ihò kan jẹ́ mílíámpù 2100, nígbà tí a bá jí àti nígbà tí a bá sùn. Láìsí i, fóònù á máa gba iná díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dá iná sílẹ̀ o: díìsì méjì tó ń gba iná láti inú háàbù kan tí kò ní iná tirẹ̀ yóò ṣì máa já, nítorí pé 900 péré ni ìlànà USB 3 là sílẹ̀ fún ihò kan, tí ti USB 2 sì jẹ́ 500.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gbé ẹ̀dà BIOS tuntun sórí bọ́ọ̀dù, ẹ padà lọ wo XHCI Hand-off, nítorí pé ẹ̀dà tuntun máa ń dá gbogbo ètò padà sí bí wọ́n ṣe wà nígbà tí bọ́ọ̀dù ti ilé iṣẹ́ dé. Ẹ ká bébà máàpù náà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí àpótí. Ọjọ́ tí ẹ bá fi káàdì tuntun sí i, ibẹ̀ ni ẹ ó ti ka SS tí ẹ yọ àti ìdí tí ẹ fi yọ ọ́.